Rẹ́jísítà Tíṣà Moríyọ̀

Nígbà tí alága bèèrè ẹni tí yóò sin àdúgbò fún ọdún kan láìgba kọ́bọ̀, ńṣe ni gbogbo ilé ìpàdé dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹni tó ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀ dáwọ́ dúró, ẹni tó ń wúkọ́ gbé ikọ́ mì. Àwa náà la máa ń pariwo pé ìfẹ́ ò sí láyé mọ́ o. Ẹ ní kí ọ̀kan nínú wa dìde kó wá ṣe é, kí ẹ wá wo bí a ṣe ń tẹjú mọ́ bàtà wa.

Ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìrẹ̀pọ̀ Àdúgbò ni, ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́, ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́. Alábẹ̀wò ni wọ́n ń wá. Òun ni yóò máa pe orúkọ níbẹ̀rẹ̀ ìpàdé, tí yóò máa sàmì sí ẹni tí kò bá wá. Ẹni tí kò bá wá lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn, alábẹ̀wò á gbé búrẹ́dì, á lọ wo ohun tó ṣe é. Àìsàn ni o, ọ̀fọ̀ ni o, ìbínú ni o, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Òfin yìí ti wà láti ayé àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, òun sì ni wọ́n fi ń yangàn láàárín àwọn àdúgbò yòókù.

Moríyọ̀ ló nawọ́. Ọmọ Oǹdó ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, opó Olúrántí tó jẹ́ ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń gbé Ìsìkàn, síbẹ̀ "ìyàwó Olúrántí" ni wọ́n ń pè é títí ọkọ fi kú. Nígbà tí Olúrántí kú tán, wọn ò mọ ohun tí wọn ì bá máa pè é mọ́, ni wọ́n bá ń pè é ní Tíṣà. Dámiláre, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà ní Kánádà, ó ń pè é lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Láti ọjọ́ Ajé dé Sátidé, bí obìnrin yìí ò bá bá rédíò jiyàn, kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀. N ò ní fi bò fún yín: ìdánìkanwà ló gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè lọ́jọ́ náà. Ó rò ó pé ẹni tó bá ń kan ilẹ̀kùn àwọn èèyàn, bó pẹ́ bó yá, àwọn náà yóò wá kan tirẹ̀. Èèyàn laṣọ, wọ́n ní. Òun náà ń wá èèyàn tí yóò fi bora ni.

Alága, Ọ̀gbẹ́ni Adélaní, gbé ìwé orúkọ àtijọ́ fún un, tí ikán ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tíṣà kò lè fara da irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó ra rẹ́jísítà tuntun, ó fi bírò pupa fa ìlà, ó fi búlúù kọ orúkọ mẹ́tàlélógójì sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó ti lò fún ọdún márùndínlógójì nílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí Bísọ́dún, akọ̀wé ẹgbẹ́, rí i, ó ní ti ìjọba gan-an ò tó o.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó lọ kí ni Bàbá Kìtán, télọ̀ àtijọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tí kò lè jáde mọ́. Ìbẹ̀wò ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló yẹ kó jẹ́. Tíṣà jókòó láti aago méjì títí oòrùn fi rọ̀.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, Tíṣà," ni Bàbá wí. "Uṣẹ́ yìí, ṣé ẹ̀ ń gbowó rẹ̀ ni?"

"N ò gba nǹkan kan, Bàbá."

"A jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń dúró dè yín ní ulé nìyẹn."

Bàbá rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún dé egungun. Síbẹ̀, ó padà lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn.

Nínú oṣù Òkúdù, ó gun ọ̀kadà nínú òjò lọ sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, nítorí Reuben, ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin láìdágbére. Alága ní kó fi sílẹ̀, pé ọ̀nà jìn. Tíṣà ní òfin kò sọ pé àyàfi bí ọ̀nà bá jìn. Nígbà tí Reuben rí obìnrin tí òjò ti pa bí adìyẹ, tó gbé búrẹ́dì tí ó ti rin gbingbin dání, ojú rẹ̀ kún fún omijé. "Ẹgbẹ́ rántí mi!" ló ń wí ṣáá. "Ẹgbẹ́ rántí mi!" Ọ̀rọ̀ yìí ni Moríyọ̀ gbé padà sílé. Ó ń rò ó nígbà tó ń sá aṣọ, ó ń rò ó nígbà tó ń jẹun alẹ́ rẹ̀ ní òun nìkan. Kò sí ohun tó wù ú láyé yìí ju kí òun náà lè sọ ọ́ lọ́jọ́ kan.

Ìparí oṣù Ògún ló ṣubú. Ó ń bọ̀ láti ilé Bàbá Kìtán lọ́sàn-án gangan, pákó tó wà lórí kòtò àgbàrá yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àdúgbò ti lọ síbi iṣẹ́, ojú pópó dá páropáro. Ọlọ́kadà kan tí kò mọ̀ rí ló gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọrùn ẹsẹ̀ ti ṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Agnes àbúrò rẹ̀ ti wa mọ́tò láti Oǹdó wá, ó sì gbé e lọ sílé ara rẹ̀, pẹ̀lú POP tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ náà.

Yàrá tó kọjú sí títì ni Agnes fún un. Ní àárọ̀ Sátidé àkọ́kọ́ oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, fóònù rẹ̀ dún. Bísọ́dún ni. Inú Moríyọ̀ dùn dé bi pé ó fẹ́ẹ̀ ju fóònù nù.

"Tíṣà, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni rẹ́jísítà wà? A fẹ́ pe orúkọ."

"Ó wà lórí tábìlì ní pálọ̀ mi. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ àwọn tí a jọ pín ògiri. Bísọ́dún, mo wà l'Óǹdó, mo—"

"Háà, ẹ ti lọ sílé! Ẹ bá wa kí gbogbo wọn o. Ẹ ṣeun mà." Ó ti pa fóònù.

"Ẹ pè é padà, kí ẹ sọ fún un," ni Agnes wí.

"Rárá. Òfin wà. Ìpàdé mẹ́ta ni. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n á wá."

Obìnrin agídí! Ó sùn tì agídí rẹ̀ fún oṣù méjì gbáko. Nígbà tí Sátidé àkọ́kọ́ oṣù Bélú kọjá, ó ní kí Agnes nu àga, kó sì ra mọ́ọ̀tì sínú firíìjì, nítorí wọn kì í ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí wọ́n tó wá. Láràárọ̀ ni Agnes ń bá a di irun, tó ń ró aṣọ tó dára, tó ń jókòó sójú fèrèsé. Mọ́tò á rọra dúró, á na ọrùn wò. Ilé kejì ni wọ́n wá. Ní Ọjọ́rú, Agnes mu ọ̀kan nínú mọ́ọ̀tì náà, ó sì lọ ra òmíràn rọ́pò rẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má bàa rí i.

Ní Ọjọ́bọ̀, Moríyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ka orúkọ inú rẹ́jísítà láìwo ìwé, kó lè mọ ẹni tí wọn yóò rán. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹní mọ owó. Ó ka Adélaní, ó ka Bísọ́dún, ó ka Kìtán, ó ń kà á lọ títí ó fi dé mẹ́tàlélógójì. Ó tún un kà láti òkè. Orúkọ tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìwé náà, kò sì kọ ara rẹ̀ sí i, nítorí pé tíṣà kì í kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú rẹ́jísítà kíláàsì. Ọdún márùndínlógójì kì í ṣe eré. Kò sí bí ọ̀bẹ ṣe lè mú tó tí yóò gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Nígbà tó sọ ọ́ fún Agnes, Agnes kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pè wọ́n nísinsìnyí. Àṣìṣe lásán ni."

"Ìwé ni kò ní orúkọ mi, Agnes. Àwọn ńkọ́, ṣé wọn ò lójú ni? Oṣù mẹ́ta! Àga tí mo máa ń jókòó lé, ta ló ń jókòó lé e?" Ó sì sunkún níṣojú àbúrò rẹ̀, obìnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, láìfi ọwọ́ bojú.

Wọ́n tú POP nínú oṣù yẹn kan náà. Nígbà tí Sátidé àkọ́kọ́ oṣù Ọ̀pẹ yóò fi pé, Moríyọ̀ ti padà sí Ìsìkàn. Ó fi ọ̀pá rìn lọ sí ìpàdé. Wọ́n kí i dáadáa o, ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni wọ́n. Wọ́n ní ó sanra díẹ̀, wọ́n ní ọ̀pá yẹ ẹ́. Bísọ́dún gbé rẹ́jísítà lé e lọ́wọ́. Alága sì dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọdún.

"Ẹ wo Tíṣà wa," ni Ọ̀gbẹ́ni Adélaní wí. "Láti oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ni a ti ń wò yíká tí a ò rí wọn. A ní, àwa náà mọ̀, ẹnì kan ni wọ́n ń tọ́jú níbì kan. Òṣìṣẹ́ tòótọ́ nìyẹn!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ náà ni Moríyọ̀ ò lè gbà mọ́ra. Ó dìde.

"Ẹsẹ̀ mi ló ṣẹ́," ló wí. "Oṣù mẹ́ta ni mo fi wà ní Oǹdó. Ojú fèrèsé ni mo jókòó sí. Mò ń retí yín."

Ni ariwo bá sọ: háà, Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ewu, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rírú ẹ̀ mọ́. Àánú ṣe wọ́n lóòótọ́. Alága fi ọwọ́ lu tábìlì. "Èyí ò bójú mu rárá! Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí òfin ṣe wí. Alábẹ̀wò, ẹ kọ orúkọ aláìsàn sílẹ̀."

Moríyọ̀ ti ṣí ìwé, ó ti di bírò mú, kó tó yé e pé òun ni wọ́n ń rán sí ara òun. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Òun kò rín. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ gbogbo wọn, ó sì gbójú sókè.

"Ta ni kí n kọ pé yóò lọ kí i?"

"Gbogbo wa ni!" ni wọ́n fi ohùn kan dáhùn.

Ó mọ ìdáhùn yẹn dáadáa. Irú rẹ̀ làwọn ọmọ kíláàsì máa ń fún un bó bá bèèrè ẹni tí yóò nu pátákó, òun ló sì máa ń padà nù ún. Ó kọ "gbogbo wa" sílẹ̀, ó pa ìwé dé, ó fi sórí tábìlì alága. Wọ́n ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ kòtò àgbàrá nígbà tó mú ọ̀pá rẹ̀ tó jáde.

Lẹ́nu ọ̀nà ló pàdé Bímbọ́lá, ọmọ ẹgbẹ́ tí kì í tètè dé, tó ń sáré bọ̀, tí kò tíì gbọ́ nǹkan kan.

"Tíṣà! Ẹ ò dẹ̀ kì í sinmi. Ta lẹ tún ń lọ kí báyìí?"

"Ìyá kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ ni, ní àdúgbò wa níbí."

"Ẹ yà! Ẹ bá mi kí wọn o, mà."

"Yóò gbọ́," ni Moríyọ̀ wí, ó sì kọjú sí ọ̀nà ilé rẹ̀.