Odò Tí Kì Í Gbẹ

Ní ọdún 1986, ẹgbẹ́ ìlọsíwájú àdúgbò kan ní Ọ̀fà fẹ́ kọ́ ilé ẹ̀rọ gààrí, nítorí ọwọ́ àwọn obìnrin ti bó níbi tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́. Abdulganiyu kápẹ́ńtà yọ̀ǹda ilẹ̀ bàbá rẹ̀ létí odò Ẹlẹ́mìí. Àdéhùn ni pé orúkọ bàbá rẹ̀ ni wọn yóò kọ sára ilé náà.

Roseline, òṣìṣẹ́ ètò ìdàgbàsókè tó wá láti Ilemona, béèrè ọ̀rọ̀ kan níwájú ìpàdé.

"Ẹ̀yin àgbà, a kì í fi itọ́ fọ ẹ̀gẹ́. Ṣé odò yìí kì í gbẹ?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Àlejò ni yín, màdáámù!"

Alhaja Àṣàkẹ́, àbúrò bàbá Abdulganiyu, ti dìde, ó ń ki ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí:

"Àjàní, ọmọ Ẹlẹ́mìí,
Ọmọ odò tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn…"

"Ẹ ò gbọ́ bí?" ni alága ẹgbẹ́ wí.

"Oríkì ni mo gbọ́, bàbá," ni Roseline fèsì. "Òjò ti ń yí padà. A ò lè fi òjò ayé àwọn bàbá wa ṣètò iṣẹ́ àwọn ọmọ wa. Kí onílẹ̀ dáhùn."

Abdulganiyu wolẹ̀. Ó rántí ọ̀gbẹlẹ̀ 1983, tí ìyàwó rẹ̀ fi igbá wa iyanrìn inú odò títí èékánná rẹ̀ fi ya, tí omi tó sun kò sì kún abọ́. Wọ́n ní ọdún burúkú kan ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀rùn kan kò kọjá kí odò má gbẹ. Gbogbo ilé ló mọ̀. Ẹni tó bá sọ ọ́ síta ló bú òkú.

"Ó ń gbẹ," ni ó wí.

Oríkì já lẹ́nu Alhaja. Ó jókòó.

Wọ́n kọ́ ilé ẹ̀rọ sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn, wọ́n gbẹ́ kànga jíjìn sí i. Láti ọjọ́ náà, bí Abdulganiyu bá dọ̀bálẹ̀ kí Alhaja láàárọ̀, "Ò o, Abdulganiyu," ni èsì rẹ̀. Kò ki oríkì rẹ̀ mọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, odò gbẹ kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀. Alhaja gbé korobá wá sídìí kànga. Abdulganiyu gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó fa omi, ó gbé e rù ú.

Alhaja ò tíì lọ.

"Àjàní," ó ní, "ọmọ Ẹlẹ́mìí…"

Nígbà tó kan ibi odò tí kì í gbẹ, ó fò ó. Ó ń ki ìyókù lọ sílé.