Bí Wọ́n Ṣe Gbé Jíìpù Nọ́ọ̀sì Ìbídùnní Sókè

Ẹrẹ̀ ló gba ọmọ Morìnsọ́lá lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì Ìbídùnní. Báyìí ni òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó lè yí i lérò padà. Nígbà náà, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé àwọn abúlé etí ọ̀sà. Ìbídùnní ń gbé ní Itamaga, ní Ìkòròdú, iṣẹ́ agbẹ̀bí ló ń ṣe, àwọn aboyún ìdílé apẹja Ìlàjẹ tó tẹ̀dó lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́ ló sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Bí òjò bá ti mú, ewéko ojú omi a bo ọ̀sà, ọkọ̀ ojú omi ò ní ráyè kọjá, ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ nìkan ló kù. Lọ́jọ́ tí Morìnsọ́lá, ọ̀kan nínú wọn, ń rọbí, jíìpù Ìbídùnní fi ikùn lélẹ̀ sínú ẹrẹ̀, táyà ń yí lásán. Ó bọ́ bàtà, ó gbé àpótí iṣẹ́ rẹ̀ rù, ó fẹsẹ̀ rìn ín. Kó tó dé Ebúté Jégédé tí obìnrin náà wà, wọ́n ti fi aṣọ bo ọmọ náà lójú.

Bó ṣe délé, ó sọ fún Adélàjà ọkọ rẹ̀ pé, "Mo máa gbé ọkọ̀ yẹn sókè."

Adélàjà, tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní Marina láràárọ̀, wò ó títí. "Ọkọ̀ tó bá ga jù, ẹ̀gbẹ́ ló ń fi lélẹ̀. Tà á, Ìbídùn. Jẹ́ kí ìjọba tún ọ̀nà wọn ṣe."

"Aboyún wo ló lè dúró de ìjọba?"

Bọ̀dá Síkírù ni mẹkáníìkì rẹ̀, ó mọ jíìpù náà láti ọjọ́ tí Ìbídùnní ti rà á ní gbàǹjo lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan tó ń la ọ̀nà. Ó bẹ abẹ́ rẹ̀ wò, ó ní sípíríǹgì, àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn láti gbé ọkọ̀ dúró, ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n lè wá tuntun tó tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun, ṣùgbọ́n ìyẹn á pẹ́. Wọ́n sì lè ki búlọ́ọ̀kù irin sáàárín sípíríǹgì àti ọ̀pá tó so táyà pọ̀, kí ọkọ̀ gòkè lójú ẹsẹ̀.

"Èwo ló yá jù?" Ìbídùnní bi í.

"Búlọ́ọ̀kù ni. Àmọ́ ti iwájú yẹn, ọkàn mi ò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀."

"Òjò ti ṣú, Bọ̀dá Síkírù. Ẹ fi sí i."

Ó fi sí i. Jíìpù dúró gàgàrà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn méjèèjì gbé e jáde lọ sí ọ̀nà Ìtókín, ó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Wọ́n dé ibi kòtò kan, Ìbídùnní tẹ bíréèkì, nǹkan dún gbàà lábẹ́ ọkọ̀, sítíárìn já gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó di inú igbó. Ọ̀pẹ kékeré kan ló dá wọn dúró. Ẹnikẹ́ni ò fara pa, àmọ́ Síkírù yára yọjú wo abẹ́ ọkọ̀. Búlọ́ọ̀kù iwájú ti yẹ̀ láyè rẹ̀, rọ́bà bíréèkì, tí òróró rẹ̀ ń gbà kọjá, sì ti nà débi pé díẹ̀ ló kù kó já.

"Ẹ̀bi mi ni," ó wí. "Ọkàn mi sọ ọ́ fún mi, n ò tẹnu mọ́ ọn."

"Ẹ̀bi àwa méjèèjì ni. Èmi ni mo kánjú." Ìbídùnní gbọn koríko kúrò lára. "Ẹ tú gbogbo ẹ̀. A máa ṣe é bó ṣe yẹ."

"Ṣé ẹ̀rù ò bà yín ni?"

"Ó ń bà mí. Ẹ tú u."

Wọ́n jọ lọ sí ọjà Ládìípọ̀. Festus tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ gbé sípíríǹgì tó ga jù lọ síwájú wọn. "Madam, tí ẹ bá fi eléyìí sí i, orí òrùlé àwọn èèyàn lẹ ó máa wò!"

Ìbídùnní rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mirí. Ẹni tó ń rọbí gbọ́dọ̀ lè wọ ọkọ̀ náà. Bí irin bá sì le jù, á máa gbọn ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ bí ẹni ń ku èlùbọ́. Èyí tó máa gbé ọkọ̀ ga ní ìbú ọwọ́ kan péré ló mú. Síkírù fi ṣọ́ọ̀kì gígùn tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò kún un, pẹ̀lú rọ́bà bíréèkì tó gùn ju ti àtijọ́.

Ní Itamaga, wọ́n fi jáàkì gbé jíìpù, wọ́n fi igi ńlá tì í nídìí. Bóòtù àtijọ́ tí wọ́n fi de sípíríǹgì mọ́ ọkọ̀ ti dógùn-ún, àfìgbà tí wọ́n fi iná sí wọn lára kí wọ́n tó gbà. Ìbídùnní wọ ògbólógbòó ṣòkòtò ọkọ rẹ̀, ó ń di irin mú, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Sípíríǹgì tuntun wá kọ̀, ihò rẹ̀ ò ṣe déédéé pẹ̀lú ihò ara ọkọ̀. Síkírù na ọwọ́ mú òòlù.

"Ẹ má lù ú. Ẹ jẹ́ ká fi jáàkì tì í díẹ̀díẹ̀."

"Bí ìgbà tí ẹ ń gbẹ̀bí?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an."

Wọ́n tì í, wọ́n dúró, wọ́n tún tì í, bóòtù wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìbídùnní fẹ́ dè é pinpin, ó tún kan Síkírù láti dá a dúró: ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sórí táyà, kí irin jókòó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ rọ́bà inú rẹ̀ á ya. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e lọ sí Benson, ní Ìkòròdú, wọ́n to táyà kó lè máa wo iwájú gbọnrangandan.

Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. Olúsànyà apẹja ni. "Nọ́ọ̀sì, Rachael ìyàwó mi ti ń rọbí o. Omi ti gba ọ̀nà."

Síkírù, tó wá tún bóòtù dè, kàn wọ ọkọ̀ ni. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ohun tí irin náà ń sọ.

Lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́, ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìbídùnní fi jíà sí èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń fà, kò sáré, kò sì dúró. Ẹrẹ̀ ń ha abẹ́ ọkọ̀ wàràwàrà, ṣùgbọ́n ikùn ọkọ̀ ò jókòó. Síkírù ń tẹ́tí sí sípíríǹgì.

Ọmọ ti dé kí wọ́n tó dé ilé Olúsànyà, ó ń ké kíkankíkan. Ìyá rẹ̀ ni wàhálà bá. Ibi ọmọ ò jáde tán, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Ìbídùnní gún un lábẹ́rẹ́, ó ń fọwọ́ ra ikùn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dín kù, kò dá.

"Ilé ìwòsàn ńlá l'Ẹ̀pẹ́ là ń lọ báyìí."

"Nínú omi yìí?" Olúsànyà bi í.

"Nínú ẹ̀ náà. Ẹ gbé e, kí àwọn obìnrin ilé dúró ti ọmọ."

Omi ti bo afárá kékeré kan lójú ọ̀nà. Síkírù sọ̀ kalẹ̀, ó fi igi ń wọn omi lọ níwájú, omi sì mù ún dé itan. Ìbídùnní ń tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ ò kúrò lẹ́yìn ọkùnrin náà. Omi ń gbá ilẹ̀kùn. Táyà iwájú já sí kòtò, sípíríǹgì tẹ̀, ó sì dìde padà jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn, Rachael kérora lórí itan ọkọ rẹ̀, Olúsànyà sì ń gbàdúrà sókè. Táyà mú ilẹ̀. Wọ́n jáde.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí Rachael lára nílé ìwòsàn ló mú un yè. Nígbà tó lajú, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi Ìbídùnní ni pé, "Nọ́ọ̀sì, ta ló gbé mi gun òkè lánàá, tí omi fi wà nísàlẹ̀ wa?"

Ìbídùnní rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó jáde sí ọgbà, ẹsẹ̀ Síkírù nìkan ló rí tó yọ lábẹ́ jíìpù.

"Bóòtù kan dẹ̀ díẹ̀," ó wí láti ìsàlẹ̀.

Ìbídùnní tẹ́ àpò sáàárín ẹrẹ̀, ó yí wọlé tọ̀ ọ́. "Èwo ni? Ẹ fi hàn mí."