Sìmíátù Kúnlẹ̀ fún Dókítà

Orí yìnyín ni Sìmíátù yọ̀ ṣubú sí lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní South Shore, nílùú Òyìnbó, lọ́dún 1983, níbi tó ti ń sáré lọ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ẹ̀yìn ló fi gbálẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń fún iṣan ẹsẹ̀ òsì pa, tí àtẹ́lẹsẹ̀ náà ń ṣe é bí igi. Dókítà ilé ìwòsàn ò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: bí wọn ò bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹsẹ̀ náà yóò kú. Àmọ́ ìlú wo nìyí? Ìlú tí wọ́n ti ń béèrè ínṣọ́ránsì kí wọ́n tó béèrè ibi tó ń dunni! Sìmíátù kò sì ní in mọ́, ibiṣẹ́ ti dá a dúró.

Mùsílíù ọkọ rẹ̀, tó ń wa takisí, ló wá ọgbọ́n sí i. “Ìyá Bùnmi, disability, owó tí ìjọba ń fún ẹni tí àìlera ò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́, la máa apply fún. Tí government bá ti approve ẹ, medical card máa tẹ̀lé e, wọ́n á ṣe surgery yẹn. Ṣáà sọ bó ṣe ń ṣe ẹ́ fún wọn. Má ṣojú ayé o!”

Ìjọba ní àfi kí dókítà tiwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Mùsílíù gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ó bá tirẹ̀ lọ láti wá èrò. Òyìnbó ni Sìmíátù rò pé òun máa bá. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bá bàbá arúgbó kan tó ti hewú, ilà mẹ́ta-mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́, orúkọ “Ajíbóyè” láyà ẹ̀wù funfun. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Kó tó ronú rárá, orúnkún méjèèjì ti kanlẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, sà.”

Ìrora ta á níbàdí, igbe dé ọ̀nà ọ̀fun, ó gbé e mì. Báwo ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ṣe máa kérora níwájú àgbà tó ń dá a lóhùn ìkíni? Ó dìde láì di nǹkan kan mú, ó tún rẹ́rìn-ín.

“Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Wọ́n kọ́ ẹ dáadáa. How are you feeling today?”

“A dúpẹ́, sà. Ara ń le díẹ̀díẹ̀.”

Ẹ má dá a lẹ́bi. Yorùbá wo ni àgbà máa bi léèrè àlàáfíà, tó máa ní òun ń kú lọ? Ó rojọ́ ìrora náà lẹ́yìn èyí o, ó tilẹ̀ sunkún, ṣùgbọ́n dókítà ti kọ tirẹ̀.

Òtútù tún ti dé kí èsì tó dé. Wọn ò gbà. Mùsílíù kà á jáde: dókítà rí i pé obìnrin yìí kúnlẹ̀, ó sì dìde láìsí ìrànlọ́wọ́.

“Ta lo kúnlẹ̀ fún? Ṣé ìgbéyàwó la rán ẹ lọ ni?”

“Àgbàlagbà ni, Bàbá Bùnmi. Ṣé kí n dúró gbagidi níwájú ẹ̀ ni?”

Mùsílíù wọ ilé ìdáná lọ. Wọ́n lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó lè gba ọdún kan, ẹsẹ̀ kò sì ní dúró de ẹjọ́. Ẹ̀rù ba Sìmíátù gidigidi. Ó jókòó ti irin gbígbóná tó ń mú yàrá móoru, ó pe Dókítà Ajíbóyè lórí fóònù.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi tún un kọ.”

“Àánú ẹ ṣe mí, ọmọ mi, but I cannot lie for you. Ohun tí mo rí ni mo kọ.”

“Torí tiyín ni mo ṣe kúnlẹ̀, sà.”



“Mo mọ̀,” ni dókítà wí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Mùsílíù sáré jáde láti ilé ìdáná. “Kí ló ń jó? Ìyá Bùnmi, kí ló ń rùn báyìí?”

Sìmíátù wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló fara ti irin náà. Awọ ti bó lára àtẹ́lẹsẹ̀, kò sì mọ̀ ọ́n lára rárá.