Àlàáfíà Ń Gba Ọwọ́ Mi Kọjá

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé iṣẹ́ Fáda ló le jù nínú ìjọ Àgùdà. Tèmi ló le jù. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo fi jókòó sí àárín Wadad àti Zahiyeh, lórí bẹ́ǹṣì kẹta níhà àwọn obìnrin, ní ṣọ́ọ̀ṣì Mar Dumit tó wà ní Ain Sindyan, abúlé wa lórí òkè. Kò sẹ́ni tó fi ọjọ́ kan pè mí kó ní, Ìyá Nasif, ẹ kú iṣẹ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í bọ ara wa lọ́wọ́ wúruwùru nínú Mísà. Orí pẹpẹ ni àlàáfíà ti ń bọ̀. Fáda á fọwọ́ kan pẹpẹ, á fi àlàáfíà lé olórí akọrin lọ́wọ́, ìyẹn á gbé e wá fún ẹni tó jókòó sí ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́. Ẹni yẹn á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, á yíjú sí ẹni tó kángun sí i, á fi lé òun náà lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa lọ títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tòògbé lẹ́yìn. Bí ẹnì kan bá dá a dúró, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ò rí gbà nìyẹn.

Zahiyeh ló dá a dúró. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti Wadad, Wadad lẹ̀gbọ́n. Odidi ọdún mẹ́fà ni Wadad fi tọ́jú ìyá wọn lórí àìsàn. Lọ́jọ́ tí ìyá kú, Zahiyeh dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, ó ní, "Ìyá ti sinmi. Ìwọ náà á wá sinmi báyìí." Ẹyin lohùn. Wadad ní ohun tí àbúrò òun ń wí ni pé ikú ìyá dùn mọ́ òun nínú. Zahiyeh ní òun ò wí bẹ́ẹ̀, àmọ́ bí ara bá ń fu ẹnì kan, kí onítọ̀hún bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tó fi ń fu ú. Ibẹ̀ ni wọ́n pín gaàrí sí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, àlàáfíà dé ọwọ́ Zahiyeh. Wadad ló kàn, nítorí bẹ́ǹṣì ìyá wọn ni, kò sì sí èyí tó máa dìde níbẹ̀ fún èkejì. Zahiyeh wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó kó àlàáfíà sínú rẹ̀, ó sì pa á dé. Gbogbo wa la gbọ́ ìró rẹ̀. Bẹ́ǹṣì mẹ́jọ ni kò rí àlàáfíà gbà lọ́jọ́ náà, kí ọ̀sẹ̀ sì tó parí ewúrẹ́ Abu Jirjis, ọ̀kan lára àwọn tó ń jókòó lẹ́yìn, kú, ó sì búra pé báàgì Zahiyeh ló pa á.

Fáda Tanius wá bá mi nílé, òun àti ìyàwó rẹ̀. Ẹ má yanu, àwọn àlùfáà tiwa lè gbéyàwó kí wọ́n tó joyè. Ó ní, "Ìyá Nasif, ẹ ṣàánú wa, ẹ bá wa jókòó sáàárín wọn. Ọjọ́ Ìsinmi kan péré ni." Oṣù márùn-ún ni ọkọ mi tíì lò nínú ilẹ̀ nígbà náà, mi ò sì rí nǹkan kan ṣe nínú ilé ju kí n máa wo àga rẹ̀ lọ. Mo jókòó sáàárín wọn. Ọjọ́ kan péré di ọdún mọ́kànlá.

Ọgbọ́n wà nínú iṣẹ́ náà o. Ẹ gbọ́dọ̀ gba àlàáfíà lọ́wọ́ Zahiyeh láì jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ yín kan Wadad. Ẹ ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín sí ọ̀kan ju èkejì lọ. Bí ẹ bá húkọ́, ẹ wo iwájú húkọ́. Ọdún tí ibà dá mi gúnlẹ̀, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora lọ sí Mísà. Nígbà tí wọ́n ń sàmì fún àkọ́bí Nuhad, ọmọbìnrin mi tó wà nílé ọkọ ní Zahleh, mi ò lọ. Wọ́n sàmì fún èkejì, mi ò lọ. Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n máa ń mú, ta ni mo fẹ́ fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún?

Ní ọdún kọkànlá ọ̀hún, lọ́jọ́ Ajé kan, Nuhad pè mí lórí fóònù.

"Màmá, ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ yìí la máa sàmì fún ọmọ. Bí Mísà bá ti parí. Orúkọ yín la máa sọ ọ́."

Orúkọ mi. Ó tó ogójì ọdún tí ẹnikẹ́ni ti pè é kẹ́yìn. Tamam ni. Ní èdè wa, ohun tó túmọ̀ sí ni "ó tó." Èmi ni ọmọbìnrin karùn-ún tí ìyá mi bí, bàbá mi sì sọ mí bẹ́ẹ̀ kí Ọlọ́run lè gbọ́. Ọlọ́run gbọ́, ọkùnrin ló tẹ̀ lé mi. Ọmọbìnrin kẹta sì ni Nuhad bí yìí.

Mo ní, "Ṣé kì í ṣe pé ọkọ rẹ ló ní kí wọ́n fi sọ fún Ọlọ́run pé obìnrin ti tó?"

"Màmá, ẹ má sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Orúkọ yín ni. Torí pé mo fẹ́ràn yín ni." Ó tún ní, "Ẹ gbọ́ o, bí ẹ ò bá wá síbi ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí, ẹ má wulẹ̀ wá mọ́."

Nuhad kì í halẹ̀. Láti kékeré ló ti jẹ́ pé ohun tó bá sọ ló máa ṣe. Ẹ̀rù bà mí gidi. Ìrìn wákàtí mẹ́ta ni Zahleh sí wa, ẹni tó bá sì fẹ́ bá Mísà ibẹ̀ kò lè bá tiwa.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ bá Fáda. Ó ń gé ẹ̀ka àjàrà lẹ́yìnkùlé. Mo kó ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ fún un látòkèdélẹ̀.

Ó ní, "Ẹ lọ, Ìyá Nasif. Ọlọ́run á bá wa ṣe é." Kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára àjàrà.

"Ta ló máa jókòó sáàárín wọn?"

"Ọlọ́run náà ni."

"Ọlọ́run ti wà láàárín wọn kó tó kàn mí, Fáda, ẹ sì rí ohun tí wọ́n ṣe."

Ìyàwó rẹ̀ wà lójú fèrèsé, ó fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ló pa á lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n inú bí mi sí Fáda. Ọkùnrin tó ń jẹ oúnjẹ ìjọ, tí kò mọ ohun tó dì í mú kó má tú ká.

Lọ́jọ́rú, níbi Rósárì àwọn ìyá, mo bi obìnrin mẹ́ta bóyá wọ́n lè bá mi di ìjókòó mi mú. Èkínní ní, "Ẹ máa lọ jàre." Èkejì ní, "Kí lẹ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀?" Ẹ̀kẹta ní kí n bá òun kí Nuhad, ó sì ń bá àdúrà rẹ̀ lọ. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èèyàn ni mo pè wọ́n, aṣọ ló bò wọ́n. Ìbínú ni mo fi ka èyí tó kù nínú Rósárì náà, Ìyá Olúwa á dárí jì mí.

Nítorí náà lọ́jọ́bọ̀, mo pe Nuhad. Mo ní, "Ọmọ mi, o mọ bí iṣẹ́ ìjọ ṣe rí."

Mò ń gbọ́ ẹkún ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹkún ẹni tó ń jẹ́ orúkọ mi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n, Màmá. Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́," ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Mo jókòó sórí àga ọkọ mi, mo sì sunkún.

Ìgbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mo gbé ìtìjú tà. Mo ní n ó lọ bẹ Wadad fúnra rẹ̀, pé kó gbà á lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí, kó dijú gbà á bí ẹni ń lo oògùn kíkorò. Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà wọlé, nítorí ilẹ̀kùn ilé ìdáná rẹ̀ kì í wà ní títì lọ́sàn-án.

Obìnrin méjì ló wà nídìí àwo ńlá kan, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n na ẹsẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń fi ewé àjàrà pọ́n ìrẹsì àti ẹran. Ọ̀kan ni Wadad. Èkejì ni Zahiyeh. Báàgì Zahiyeh, báàgì yẹn gan-an, ó wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ara ìṣó náà sì ti ń dán.

Wadad ló kọ́kọ́ rí mi. Ó ní, "Ìyá Nasif. Ẹ wọlé, ẹ wá jókòó."

Mo ní, "Sáàárín yín?"

Zahiyeh bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún un pé kó dákẹ́.

Mo ní, "Láti ìgbà wo?"

Ewé àjàrà ni Wadad ń wò. "Láti ìgbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi."

Iṣẹ́ abẹ yẹn ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Èmi náà gbé ọbẹ̀ lọ kí i nígbà náà.

"Ta ló bẹ ta?"

Zahiyeh ní, "Kò sẹ́ni tó bẹ ẹnì kan. Mo gbọ́ pé kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wá bá a fọ aṣọ. Ó ní mi ò fi omi ṣàn án tó. Mo mọ̀ pé ó ti parí nìyẹn."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Wadad ló dáhùn. "A fẹ́ sọ ọ́. Fáda ló ní ká mú sùúrù. Ó ní Bàbá Nasif ti kú, Nasif ti lọ sí Ọsirélíà, Nuhad wà nílé ọkọ. Ó ní bí a bá tún gba ìjókòó yẹn lọ́wọ́ yín, kí ló kù tí ẹ máa jí fún lọ́jọ́ Ìsinmi? Nígbà tó yá, ojú ń tì wá láti sọ ọ́."

"Gbogbo abúlé ló mọ̀?"

Zahiyeh ní, "Àfi Abu Jirjis. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá, ó máa ń kó ewúrẹ́ wọlé."

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ẹ̀rín gbà mí, ẹkún gbà mí. Mo rò pé èmi ni mò ń gbé ìjọ ró. Ìjọ ló ń gbé mi ró, wọ́n ń fi ọwọ́ kan ṣe é, wọ́n ń fi èkejì bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Àánú mi ló ṣe wọ́n, ó sì dùn mí wọ egungun, nítorí wọn ò mọ̀ pé ìsàmì méjì ni mo ti pàdánù nítorí rẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún wọn. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín Zahiyeh gbẹ. Wadad dìde, ó kó gbogbo ewé tí wọ́n ti pọ́n sínú ìkòkò, ó dé e, ó fi aṣọ dì í, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. "Ẹ gbé e lọ fún ìyá ọmọ. Ẹ lọ, Ìyá Nasif."

Mo sè é lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ni mo sì wọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi àti ìkòkò mi. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Wadad àti Zahiyeh fi àyè mi sílẹ̀ lófìfo lọ́jọ́ náà, wọ́n na ọwọ́ gba orí rẹ̀ kọjá. Àṣà kì í tètè kú.

Wọ́n ti ń ka ìwé mímọ́ nígbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì Zahleh. Nuhad wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú, ọmọ wà láyà rẹ̀ nínú aṣọ funfun. Ó rí mi. Kò kí mi, ó kọjú sí pẹpẹ. Ìyá Ilyas, ìyá ọkọ rẹ̀, ló jókòó tì í. Àyè kan ṣoṣo tó kù wà ní ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ǹṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Ilyas níhìn-ín. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí, mo gbé ìkòkò lé ẹsẹ̀.

Èèyàn rere ni Ìyá Ilyas. Nígbà tí wọ́n ń kọrin kí àlàáfíà tó dé, ó tẹ̀ sí mi létí, ó rọra sọ ọ́. "Inú ṣì ń bí i sí yín, ìyá. Ẹ má dààmú. Bí àlàáfíà bá dé, èmi ni kí ẹ fún. Màá bá yín fún un."

Ó ti múra sílẹ̀. Ó ti gbé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sún mọ́ ìhà, kò kàn mí, kò kan Nuhad. Iwájú ló ń wò, kò rẹ́rìn-ín sí ẹnì kankan. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó mọ iṣẹ́ náà ṣe.

Olórí akọrin wọn ti ń gbé e bọ̀. Mo gbé ìkòkò lé Ìyá Ilyas lọ́wọ́ méjèèjì, ó gbà á kó tó mọ ohun tó ń gbà. Lẹ́yìn náà mo gba àlàáfíà, mo dìde, mo sì gba iwájú eékún rẹ̀ kọjá lọ síwájú ọmọ mi.

Mo ní, "Tamam."

Ìyá Ilyas rò pé ọmọ ni mò ń pè, ó ní kí n rọra, pé ó ń sùn. Nuhad nìkan ló mọ ohun tí mò ń wí. Ó gbójú sókè wò mí, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò. Lẹ́yìn náà ó gbé ọmọ sí èjìká òsì, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún sí mi.

Ọwọ́ méjì ni ìlànà wí. Ọwọ́ kan ló fún mi. Mo fi tèmi méjèèjì dì í mú, mi ò sì fi í sílẹ̀, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn wa sì ń dúró de àlàáfíà tiwọn. Mo ní kí wọ́n máa dúró.