Iṣan Jókòó-ná

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà kàfíńtà yìí, ẹ gbé pákó sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn rẹ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, àtẹ̀gùn náà há gádígádí, òfin ibẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá ti gbé igi kò gbọdọ̀ sọ̀ ọ́ títí yóò fi dókè.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni òfin yìí ń bá wí jù. Bó bá gun àtẹ̀gùn díẹ̀, á ní, "Bàbá mi, ẹ jẹ́ n jókòó ná." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Jókòó-ná nìyẹn. Èyí tó wá ń bí bàbá nínú jù ni pé bó bá ti sinmi díẹ̀ tán, á dìde, á sì máa ṣiṣẹ́ bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ta ni kò ní pè é ní ẹ̀tàn?

"Àbúrò mi lo fìwà jọ," ni bàbá máa ń wí. "Ọ̀lẹ paraku lòun náà."

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó igi kọ́bọ́ọ̀dù oníbàárà kan, bàbá dúró sẹ́yìn rẹ̀ gbọnin. "O ò ní jókòó lónìí."

Jókòó-ná gbé pákó náà dókè lóòótọ́, àmọ́ ìka rẹ̀ há mọ́ igi, kò ṣeé ṣí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ pe bàbá sí balùwẹ̀ kó wá wo ìtọ̀ ọmọ. Ó dúdú bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò tó jóná. Bàbá wò ó, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí ọsibítù kíá.

Dókítà gba ẹ̀jẹ̀, ó sì fa omi sí Jókòó-ná lára. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò dé, ó pe tọkọtaya náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ wọn.

"Oúnjẹ kún inú iṣan ọmọ yín bámúbámú," ó ní. "Àmọ́ ẹ́ńsáìmù tó yẹ kó tú oúnjẹ náà sílẹ̀ kó lè di agbára, kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Tó bá ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ebi ló ń pa iṣan rẹ̀. Tó bá sinmi díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á gbé oúnjẹ mìíràn wá, ara á sì le."

"Bí wọn ò bá jẹ́ kó sinmi ńkọ́?" Bàbá ló béèrè.

"Iṣan á máa jẹra. Òun ló dúdú nínú ìtọ̀ yẹn. Ó máa ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń pààyàn. Ọpẹ́ ni pé ẹ tètè dé."

Ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yé bàbá. Àṣé ebi lọmọ òun ń kígbe rẹ̀ látọjọ́ yìí, òun ń pè é lọ́lẹ.

"Ó máa ń wà nínú ẹbí," ni dókítà wí. "Ṣé ẹnì kan tún wà tó máa ń ṣe báyìí?"

"Àbúrò ọkọ mi ni," ìyá dáhùn. "Òun ni wọ́n máa ń fi ọmọ yìí wé. Àmọ́ ó ti kú kí n tó wọlé wọn. Wọ́n ní àìsàn kíndìnrín ni."

Jókòó-ná yí ojú sí bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi, kí ló ṣe wọ́n gan-an?"

Bàbá di irin bẹ́ẹ̀dì mú.

"Pákó ló gbé," ó ní. "Ó ní kí n jẹ́ kí òun jókòó ná."