Aṣọ Iwájú Àpótí Gìtá

Ọlọ́run kò fi ìdí du Gbọ́njúbọ́lá. Òun fúnra rẹ̀ a máa sọ ọ́ pé lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín ìdí lọ́run, òun ti dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí òun sì gba tòun tán, òun tún lọ tò sẹ́yìn. Ní Lálùpọn, níbi tó ti di ìyá àgbà fún odidi agbo ilé kan, kò sí àga tó jókòó lé tí kì í ké. Ṣùgbọ́n bí ijó bá dé, ìdí ọ̀hún kì í wúwo rárá. Á fúyẹ́ bí ẹni pé wọ́n yá a ni.

Ìdí yìí ló dá wàhálà sílẹ̀ ní Ọjọ́ Ìsinmi kan lọ́dún 1965. Nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù tí Gbọ́njúbọ́lá ń lọ, àwọn ìyá ló máa ń bọ́ síwájú pẹpẹ nígbà ìyìn, tí wọn á máa jó nínú aṣọ funfun wọn, láìwọ bàtà. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ náà ni Ọlájídé, télọ̀ tó ń ta gìtá fún ìjọ, máa ń jókòó sí, pẹ̀lú àpótí tó ń gbé ohùn gìtá jáde, tí wọ́n so mọ́ bátìrì mọ́tò. Gbọ́njúbọ́lá jó lọ síwájú, ó jó padà sẹ́yìn. Ẹ̀yìn tó padà sí náà ni àpótí wà. Kó tó mọ̀, ó ti jókòó lé e, ó yọ̀ ṣubú, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sì gba àárín aṣọ dúdú tó bo iwájú àpótí náà wọlé. Aṣọ ya fàà.

Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ má bínú o," ó ní, "ìdí mi ò lójú."

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Lídà Ọládòṣù ni, ọkùnrin gíga kan tó ń bójú tó dúkìá ìjọ. Ó dìde, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Láti òní lọ," ó ní, "obìnrin kankan kò gbọdọ̀ jó wá síwájú mọ́. Kí kálukú dúró níbi ìjókòó rẹ̀, kó máa pàtẹ́wọ́. Ẹ wo ohun tí àìfarabalẹ̀ obìnrin fà! Àpótí tí kò ní àbùkù kankan láti ọjọ́ tó ti dé!"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Gbọ́njúbọ́lá. Bàbá Hezekiah, àlùfáà ìjọ, ti darúgbó, kì í fẹ́ ariwo. Ó kàn mi orí ni. Bí wọ́n ṣe túká, àwọn ìyá kò fún un ní nǹkan kan àfi èébú.

"Ìyá Adétutù, o ṣeun o," ọ̀kan nínú wọn wí. "Ìdí kan ló ṣẹ̀, gbogbo ìdí ló ń ṣẹ̀wọ̀n."

Èyí dùn ún ju ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ tó bó lọ. Iwájú pẹpẹ yẹn ló ti jó nígbà tí Adétutù ọmọ rẹ̀ bí ìbejì. Ibẹ̀ náà ló ti jó lẹ́yìn tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ kò fẹ́ gbé e mọ́, tó jẹ́ pé ijó ló kọ́ ẹsẹ̀ ní ìrìn padà. Ìkórè sì ń bọ̀. Ta ló ń jókòó pàtẹ́wọ́ níbi ìkórè? Ṣé àdìẹ tó ń sàba ni wọ́n ni?

Ní ọjọ́ kejì ó gba ilé Lídà lọ.

"Lídà, èmi ni mo ya aṣọ yẹn, èmi náà ni n ó pààrọ̀ rẹ̀. Bí mo bá ti tún un ṣe, ẹ mú òfin yín kúrò lọ́rùn àwọn ìyá."

Lídà fò dìde bí ẹni tí tanpẹ́pẹ́ wọ ṣòkòtò rẹ̀. "Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án o! Nǹkan ẹ̀rọ kì í ṣe nǹkan obìnrin. Tó bá yá, a ó gbé e lọ Ìbàdàn."

"Ìgbà wo ni yóò yá?"

"Tó bá ti yá náà ni."

"Ẹ gbọ́ ná, aṣọ ni mo fẹ́ pààrọ̀, àbí ìfun?"

"Mo ní ẹ má ṣí i!"

Gbọ́njúbọ́lá kò mọ ìdí tí ọkùnrin náà fi ń làágùn nítorí aṣọ. Ó kàn mọ̀ pé inú ń bí òun ni. Kò yà sílé, ọ̀dọ̀ Ọlájídé ló forí lé, torí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ yẹn ni àpótí náà máa ń gbé láàárín ọ̀sẹ̀.

"Bá mi tú iwájú rẹ̀," ó ní.

Ọlájídé wo ilẹ̀. "Màmá, Lídà ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí i."

"Ọwọ́ ta ni ìwọ kọ́kọ́ já sí lọ́jọ́ tí ìyá rẹ bí ẹ? Ṣé ọwọ́ Lídà ni? Èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ, ìwọ náà sì tọ̀ sí mi lára kí o tó sunkún. Tú u!"

Ọlájídé mú irin tó fi ń tún máṣíìnì rẹ̀ ṣe, ó tú iwájú àpótí. Pákó pẹlẹbẹ kan ni, tó ní ihò roboto láàárín. Aṣọ dúdú ni wọ́n nà bò ó, tí wọ́n sì fi ìṣó wẹ́wẹ́ kàn án mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ yíká. Gbọ́njúbọ́lá yí pákó náà padà láti wo bí wọ́n ṣe kàn án. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ní ẹ̀yìn aṣọ, gẹ́lẹ́ níbi tó ti ya, aṣọ mìíràn wà níbẹ̀ tí wọ́n fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ lẹ̀, tó ti bó lápá kan. Ó ń dán, ó sì ń yọ̀.

"Ọlájídé, kí lèyí?"

Ọlájídé bẹ̀rẹ̀ sí í wá abẹ́rẹ́ tí kò sọnù.

"Mo ní kí lèyí?"

"Agbòjò ni, Màmá."

"Mo mọ̀ pé agbòjò ni. Kí ni agbòjò ń wá nínú gìtá? Ṣé òjò ń rọ̀ níbẹ̀ ni?"

Ni Ọlájídé bá tú u síta. Lẹ́yìn Àjíǹde tó kọjá, Lídà gbé àpótí ìjọ fún àwọn àna rẹ̀ ní Ìyànà Ọ̀fà, tí wọ́n ń ṣílé. Ọ̀mùtí kan ta á nípàá níbẹ̀, aṣọ iwájú rẹ̀ ya. Nígbà tó padà dé, Lídà gé nínú agbòjò ara rẹ̀, ó ní kí Ọlájídé lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn, kó sì fi pólíìṣì bàtà kun ojú rẹ̀. Ó ní bí Ọlájídé bá sọ ọ́, òun yóò gba gìtá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ara Gbọ́njúbọ́lá gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí. "Àìfarabalẹ̀ obìnrin!" ó ń wí. "Àpótí tí kò ní àbùkù! Ó ti mọ̀! Ó dúró níwájú Ọlọ́run, ó na ìka sí ìdí mi, ó sì mọ̀! Ìwọ náà jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú gìtá lẹ́sẹ̀, o ń wò mí!"

"Màmá, ẹ dárí jì mí."

"N ò tíì ráyè ìdáríjì. Bá mi yọ ìṣó."

Wọ́n yọ ìṣó, wọ́n ha sítáàṣì kúrò lára pákó. Gbọ́njúbọ́lá ká aṣọ agbòjò náà, ó fi í sínú ìró rẹ̀. Ó wá lọ sílé, ó mú kíjìpá tó nípọn jù nínú àpótí aṣọ rẹ̀ wá, torí ó ní èyí kò ní ya láéláé, bí erin jókòó lé e. Ó nà án bo pákó, ó kàn án, ó sì fi ọwọ́ gbá a pẹ̀lú ìgbéraga. Ọlájídé dá iwájú padà, ó ta gìtá.

Ohùn tó jáde dà bí ti ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.

Mùjíbátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe ògì ní agbo ilé kejì, ti wá wòran. Ó di ikùn mú. "Wàláhì, Ìyá Adétutù, ẹni tí o bò mọ́lẹ̀ yìí ti kú o!"

Gbọ́njúbọ́lá rẹ́rìn-ín débi tó fi ní láti jókòó, tábìlì Ọlájídé sì ké. "Ọpọlọ mi ti sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ìdí mi," ó ní. "Ohùn ń wá ọ̀nà, mo lọ mọ ògiri fún un."

Ó tú kíjìpá. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í mú aṣọ kọ̀ọ̀kan sẹ́nu, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á sì gbé ọwọ́ sí òdìkejì. Àdìrẹ kò jẹ́ kí èémí kọjá dáadáa. Gèlè rẹ̀ ṣe díẹ̀. Ìgbà tó kan asẹ́ ògì funfun tuntun tí Mùjíbátù ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní ọjà Ṣáṣá, tó sì mú lọ́wọ́, èémí bọ́ sí i lọ́wọ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan láàárín.

"Asẹ́ mi!" Mùjíbátù pariwo.

"Asẹ́ rẹ ti di ọmọ ìjọ," Gbọ́njúbọ́lá dáhùn.

Ó rẹ asẹ́ náà sómi, ó fún un, Ọlájídé fà á lápá kan, òun fà á lápá kejì. Àárín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ́kọ́ kàn, kí wọ́n tó kàn án lọ sí igun, kó má baà wọ́. Nígbà tó gbẹ tán nínú oòrùn, ó le kankan bí ikùn ẹni tó yó. Ọlájídé ta gìtá, ohùn sì jáde gaara, àwọn ewúrẹ́ tó wà níta sì sá.

Lọ́jọ́ ìkórè, ilé ìjọ kún fún iṣu, àgbàdo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lídà wọlé, ó rí iwájú àpótí tó funfun báláú, ojú rẹ̀ sì yí padà. Kò ráyè sọ̀rọ̀ kí àkókò ẹ̀rí tó dé, tí ẹnikẹ́ni lè dìde sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe fún un. Nínú ìjọ wọn, èèyàn kì í dá ẹlẹ́rìí dúró. Àfi kí òun fúnra rẹ̀ pe Haleluyà láti fi parí ẹ̀rí rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti gùn jù, ọgbọ́n kan ṣoṣo tó wà ni pé kí ẹnì kan dá orin, kí ìjọ gbè é, kí ohùn ẹlẹ́rìí rì sínú rẹ̀.

Gbọ́njúbọ́lá dìde.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ó ní, "tó fi ìdí mi tú àṣírí. Mo ṣubú lu àpótí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibi tí mo gbá yẹn ti ya kí n tó débẹ̀. Ìyànà Ọ̀fà ló ti ya, níbi tí àwọn kan ti ń ṣílé, tí wọ́n ń mutí!"

Ó fa aṣọ dúdú yọ nínú ìró rẹ̀, ó nà án sókè.

"Ẹ̀yin ará, láti ìgbà tí òjò ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀, ta ló rí agbòjò Lídà?"

Motúnráyọ̀, ìyàwó Lídà, fi ọwọ́ bo ẹnu. Lídà fò dìde, ó dá orin, ó ké e ròkè.

Kò sẹ́ni tó gbè é.

Àwọn ìyá tí wọ́n ti sé mọ́ orí ìjókòó láti ọjọ́ yẹn wá jókòó dáadáa. Wọ́n pa ẹnu mọ́, wọ́n ń wò ó. Ó tún orin náà dá, ohùn rẹ̀ sì fọ́. Ó wo Ọlájídé pé kó ta gìtá, Ọlájídé ká ọwọ́ mọ́ àyà. Orin náà nìkan ń rìn káàkiri ilé ìjọ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ sọnù, nígbà tó sì rẹ̀ ẹ́, ó kú.

"Mo ń bá ẹ̀rí mi lọ," Gbọ́njúbọ́lá wí. "Ẹni tó lẹ agbòjò mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló ní kí n má jó. Ẹni tó kun irọ́ ní pólíìṣì ló ní obìnrin kò ní ìfarabalẹ̀. Mo sọ ọ́ níwájú iṣu, mo sọ ọ́ níwájú àgbàdo: n kò ní jókòó! Ẹ bá mi yin Olúwa!"

Haleluyà àwọn ìyá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù orí ilé.

Bàbá Hezekiah dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Lídà, ṣé agbòjò rẹ nìyí?"

"Ó... ó jọ ọ́, Bàbá."

"Òfin tí o ṣe ńkọ́?"

Lídà nu ojú. "Kí àwọn ìyá máa jó. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rọra..."

"Kí wọ́n rọra!" Gbọ́njúbọ́lá ké. "Ṣé àwọn àna yín rọra?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ti bọ́ síwájú, àwọn ìyá sì tú jáde tẹ̀lé e. Gìtá dún gaara láti inú asẹ́ ògì Mùjíbátù. Gbọ́njúbọ́lá kò lọ sí apá ibi tí àpótí wà rárá. Iwájú ìjókòó Lídà gan-an ló jó lọ, ó kẹ̀yìn sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó padà sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, títí Lídà fi dìde, tó gbé àga rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.