Ojú Bọ́tìnì Màmá Wa

Ẹ wò ó, ara mi kì í gba ìrẹ́jẹ, ì báà ṣe tèmi, ì báà ṣe tẹlòmíì. Ìdí nìyẹn tí mo fi bá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jà lójú àwọn oníbàárà rẹ̀, tí mo sì mú màmá wa kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí ẹni jí ọmọ gbé.

Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi. Kóòtù ló ń rán, àwọn èèyàn pàtàkì ló sì ń rán an fún. Màmá wa ló ń fi ọwọ́ ṣe ojú bọ́tìnì gbogbo kóòtù yẹn. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n ń da àjákù aṣọ sí, ni wọ́n gbé àga rẹ̀ sí. Á fi ìda pa òwú, á gbé bọ́tìnì lé aṣọ kó tó gé ihò, á wá máa fi òwú yí etí ihò náà ká títí á fi dán. “Màmá, ẹ ṣeun” ni owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó ohun tí mo fi etí ara mi gbọ́ lọ́jọ́ tí mo yà síbẹ̀. Obìnrin kan ń fi ìka pa ojú bọ́tìnì kan, ó ní, “Ta ló ṣe èyí? Ó mà dára o!”

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín músẹ́. “Máṣíìnì tuntun la rà, mà.”

Máṣíìnì kẹ̀! Màmá mi tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ gbangba, tó ń ti abẹ́rẹ́ bọ aṣọ!

“Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé orí yín pé báyìí?” ni mo bi í. “Ẹ̀ ń fi ìyá tó bí yín jẹun, ẹ tún ń pè é ní máṣíìnì?”

“Rọra o, ìyá ìjà,” ni ó wí. “Nǹkan ìgbàlódé ni àwọn oníbàárà fẹ́.”

“Ó dáa. Ẹ máa bá ìgbàlódé yín lọ. Màmá, ẹ dìde, ilé mi là ń lọ.”

Màmá wò mí, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó kó abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ lé mi.

Mo tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Mo gbé tíì síwájú rẹ̀, mo ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan. Kí n tó ti ibi tí mo ti ń dirun fún èèyàn dé, ó ti já gbogbo bọ́tìnì aṣọ mi, ó sì ti tún wọn rán mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kejì, ó tú etí kọ́tìnì ó sì tún un ká. Háà, inú mi dùn! Mo kó aṣọ àwọn ọmọ mi jáde, mo kó ti ọkọ mi lé e, mo tún lọ gba ti ọ̀rẹ́ mi wá.

Màmá wo òkìtì aṣọ náà, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ ọmọ yìí, o gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ kí ìwọ náà lè ráyè rẹ́ mi jẹ?”

Ojú tì mí débi pé mo fi aṣọ ọkọ mi bojú.

“Jókòó,” ni ó wí. “Mo fẹ́ kẹ́ ẹ lò mí. Tí ọwọ́ mi bá ti ń ṣiṣẹ́, ara mi á yá, mi ò ní rántí pé orúnkún ń dùn mí. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kẹ́ ẹ lò mí tán, kẹ́ ẹ wá ní mi ò sí níbẹ̀.”

Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fi wọlé, ó gbé kóòtù dúdú kan lápá, ojú rẹ̀ ti wọnú. Kóòtù adájọ́ kan ni. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló gé ojú bọ́tìnì rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti tẹ́ aṣọ náà sódì lórí tábìlì kó tó gé e. Apá òsì ni ti ọkùnrin máa ń wà, apá ọ̀tún, bíi ti obìnrin, ló gé e sí. Kóòtù adájọ́ ti di kóòtù ìyàwó adájọ́.

“Ṣé máṣíìnì tuntun yín ló ṣe é ni?” ni mo bi í.

“Dákẹ́ ẹnu rẹ,” ni Màmá wí, ṣùgbọ́n òun náà ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ọ̀la ló ń bọ̀ wá gbé e. Tẹ́ ẹ bá fi mí sílẹ̀, mo tẹ́.”

“Mi ò ní fi ọ́ sílẹ̀. Àmọ́, àga mi á kúrò nídìí àjákù aṣọ, á bọ́ síwájú, lẹ́bàá fèrèsé. Wàá máa sanwó iṣẹ́ mi. Ọjọ́ tó bá rẹ̀ mí, mi ò wá. Ẹni tó bá sì béèrè ẹni tó ṣe é, o mọ ohun tí wàá sọ.”

“Mo ti gbà, Màmá. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbà.”

Màmá fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ dí àwọn ihò náà. Ó gé ọ̀já tín-ín-rín lára irú aṣọ náà, ó rán an sí iwájú kóòtù lápá méjèèjì láti bo ojú ibẹ̀, àfi bíi pé bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí látilẹ̀ nìyẹn. Ó wá ṣe ojú bọ́tìnì tuntun síbi tó yẹ.

Nígbà tí adájọ́ dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, èmi náà wà níbẹ̀. Ó dúró níwájú dígí, ó ń yí sọ́tùn-ún yí sósì. “Télọ̀, èyí yàtọ̀ o! Ta ló ronú kan ọ̀já yìí?”

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, mo ranjú mọ́ ọn.

“Ìyá mi ni, sà. Àwọn náà ló ń fọwọ́ ṣe gbogbo ojú bọ́tìnì mi.”

Màmá ò gbójú sókè níbi tó jókòó sí lẹ́bàá fèrèsé. “Kí lo wí?” ni ó bi í. “Mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Tún un sọ.”

Ó tún un sọ. Màmá ní kó gbóhùn sókè díẹ̀ sí i, kí àwọn tó ń kọjá lójú títì lè bá a gbọ́.